Wáyà Orí Àtòrì

"Ẹ má sá fún un! Ojú màlúù ni, kì í ṣe ojú àǹjọ̀nú."

Tíṣà Matthias ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ra ẹyinjú màlúù mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn alápatà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kó wọn sínú abọ́ tánńganran, ó sì gbé abọ́ náà ka orí tábìlì iwájú. Àwọn ọmọbìnrin di imú. Bàṣírátù, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ní òun ò ní í jẹ ẹran mọ́ títí ọdún yóò fi parí. Fábíyìí nìkan ló sún mọ́ tábìlì bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Fábíyìí, ó wà ní kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀jìgbò. Ọdún kejì tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ni. Bí ẹ bá ń wá ọmọ tó fẹ́ràn láti tú nǹkan palẹ̀ kó lè wo inú rẹ̀, Fábíyìí ni. Ó ti tú rédíò bàbá rẹ̀ rí, rédíò náà kò sì fọhùn mọ́. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà béèrè ẹni tí yóò di abẹ mú, kò sí ẹni tó bá a du ipò.

"Rọra," ni tíṣà wí. "Apá funfun yìí le bí awọ bàtà, òun ló gbá gbogbo ojú mú. Ṣùgbọ́n wo iwájú. Awọ ibí yìí mọ́ gaara, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Fi ṣóńṣó abẹ kàn án díẹ̀."

Fábíyìí fi ṣóńṣó abẹ kàn án. Ihò tó dá sí i kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ omi tú jáde, ẹyinjú tó ti le koko tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Mùíbì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, na ọrùn láti wò ó.

"Omi yìí ló mú kí ojú dúró déédéé," ni tíṣà wí. "Bí èèyàn bá wá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ti lu ńkọ́?" Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹyinjú náà láti ẹ̀yìn. Nǹkan dúdú kan fà yọ lẹ́nu ihò kékeré yẹn, ó tẹ̀lé omi jáde. "Ṣé ẹ rí i? Ohun tó bá ti jáde báyìí, kò sẹ́ni tó lè dá a padà."

Wọ́n gé e sí méjì. Tíṣà fi òrùka dúdú tó wà láàárín hàn wọ́n. Ó ní ohun tí a ń pè ní ọmọ ojú kì í ṣe nǹkan kan, ihò róbótó kan lásán ni. Òrùka dúdú yẹn ló ń fún un pọ̀ nínú oòrùn, òun náà ló sì ń là á nínú òkùnkùn. Ó yọ awò kan tó tó èkùrọ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé ìròyìn, lẹ́tà ìwé náà sì tóbi sí i lójú wọn. Ó wá fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn pátápátá hàn wọ́n. Ó ní orí awọ yẹn ni àwòrán gbogbo ohun tí a ń rí ń bọ́ sí, ní àdojúdé, kí iṣan ìríran tó gbé e lọ sínú ọpọlọ, kí ọpọlọ sì tó yí i padà síbi tó yẹ.

"Àdojúdé kẹ̀?" ni Bàṣírátù pariwo. "Ṣé orí ni ẹ fi dúró lójú mi báyìí ni, sà?"

"Orí ni mo fi dúró," ni tíṣà dá a lóhùn. "Ọpọlọ rẹ ló ṣàánú mi."

Ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ náà ni ọdún Ògìyán bọ́ sí. Ta ni kò mọ ọdún Ògìyán ní Ẹ̀jìgbò? Iṣu tuntun á dé, àwọn ará wa tó wà ní Àbíjàǹ á dé, àwọn ọmọ Òkè Màpó àti ti Ìsàlẹ̀ Òṣolò á sì pàdé, wọ́n á máa fi àtòrì na ara wọn. Ẹ má rò pé ìjà ni o. Orò ìlú ni. Ẹni tó nà ọ́ tí ara rẹ bó lọ́sàn-án lè wá bá ọ jẹ iyán kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó sì jọ máa fi àpá ara yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ti Fábíyìí ti kúrò ní yẹ̀yẹ́. Òkè Màpó ni ilé wọn, Ìsàlẹ̀ Òṣolò ni ti Mùíbì. Ní ọdún tó kọjá, Mùíbì, tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, tí àtòrì rẹ̀ sì máa ń gba ibi tí èèyàn ò fọkàn sí wá, nà án títí ó fi ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù, tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ojú gbogbo ìlú ló ṣe. Kó tó dé kíláàsì lọ́jọ́ Ajé, orúkọ tuntun ti ń dúró dè é: Ẹtù, nítorí eré tó sá. Mùíbì ló sọ ọ́, Bàṣírátù ló tàn án kálẹ̀. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀, Fábíyìí a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu lásán ló fi ń rẹ́rìn-ín; inú ń bí i gidigidi.

Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, ó rí wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan tó ti já, nílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó fa ẹyọ kan yọ nínú rẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó sì le. Ó wé e mọ́ ṣóńṣó orí àtòrì rẹ̀, ó fi òwú dúdú wé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni n ó nà," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí òun náà lè sá bí mo ṣe sá." Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, bàbá rẹ̀, Ifátóyè, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórìṣà Ògìyán, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, ó ń wo àwọn ọmọ ilé bí wọ́n ti ń jáde.

"Àtòrì lásán ni Òrìṣà fi lé wa lọ́wọ́," ó ń wí, bó ti máa ń wí lọ́dọọdún. "Ẹ má na ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Bàbá," ni gbogbo wọn dáhùn. Ohùn Fábíyìí wà nínú rẹ̀.

Oòrùn ti mú dáadáa nígbà tí òun àti Mùíbì kojú ara wọn. Àpá ti kún ara Mùíbì, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín.

"Ẹtù! Ṣé o ti wo ọ̀nà tí wàá gbà sá sílẹ̀?"

Fábíyìí na àtòrì sí i léjìká. Mùíbì tẹ orí ba kó lè yẹ̀ ẹ́. Ká ní kò tẹ orí ba ni, èjìká ni ì bá bà. Ṣóńṣó orí igi náà bà á lójú òsì.

Mùíbì kò ké. Ó kàn lóṣòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Àwọn àgbàlagbà tó wà nítòsí ní kò sí nǹkan kan, àtòrì ni, yóò wú, yóò sì rọ̀. Wọ́n fà á dìde, wọ́n mú un lọ sílé. Fábíyìí wo igi ọwọ́ rẹ̀. Òwú dúdú ti tú, wáyà sì yọ ṣóńṣó síta bí ẹ̀gún ọsàn. Ó yọ ọ́ kíá, ó sọ ọ́ sínú igbó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gba ilé Mùíbì lọ. Mùíbì jókòó lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú. Ìyá rẹ̀, Àpèkẹ́, ti gbé omi kaná. Ọmọkùnrin márùn-ún ni obìnrin náà tọ́ dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Òṣolò, kò sí egbò àtòrì tí kò tí ì fọwọ́ kàn rí.

"Fábíyìí, o káre," ni Àpèkẹ́ wí nígbà tó rí i. "Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ọ́. Wá bá mi di orí rẹ̀ mú. Mo fẹ́ fi aṣọ gbígbóná tẹ ojú yìí dáadáa, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí i lè tú."

Ọ̀rọ̀ "ọ̀rẹ́ tòótọ́" yẹn wọ Fábíyìí lára ju pàṣán lọ. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, Ìyá," ló wí. Ó kúnlẹ̀, ó rọra gbé ìpéǹpéjú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nísàlẹ̀, níwájú òrùka dúdú. Ṣùgbọ́n ọmọ ojú ló dẹ́rù bà á. Kò rí róbótó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti fà gùn, ó rí bí ẹyọ ẹ̀gúsí, ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ sì kọjú sí, nǹkan dúdú tíntín kan yọ jáde lára awọ tó mọ́ gaara níwájú. Oòrùn ń ràn sí i, kò sì fún pọ̀. Fábíyìí mọ ohun tí òun ń wò. Òrùka dúdú náà ló ti fẹ́ tẹ̀lé omi jáde, tó wá fi ara rẹ̀ dí ihò tí wáyà dá. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ojú yìí, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ló máa tẹ̀lé e.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ojú náà ti lu."

"Lu kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ?"

"Tíṣà wa ni. Ó fi ojú màlúù kọ́ wa pé..."

"Màlúù!" Àpèkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ojú ọmọ mi ni mò ń sọ, ìwọ ń sọ ti màlúù fún mi. Tíṣà yín yẹn, ọmọ mélòó ló tíì tọ́? Àtòrì kì í lu ojú, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń fi aṣọ tẹ ojú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí, gbogbo wọn ló ń ríran. Dì í mú."

Òótọ́ ló wà lẹ́nu obìnrin náà, níwọ̀n ohun tó mọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ inú ìwé tó lè dá a dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè dá a dúró, Fábíyìí sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sọ ọ́, gbogbo Ẹ̀jìgbò ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá rẹ̀ yóò gbọ́, àwọn olórìṣà yóò gbọ́, orúkọ tí wọ́n máa pè é yóò sì burú ju Ẹtù lọ. Bí kò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Wọ́n á ní àtòrì ló fọ́ ojú Mùíbì, wọ́n á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Àpèkẹ́ ti ri aṣọ bọ omi, ó ti fún un, ooru ń rú lára rẹ̀. Ó nawọ́ rẹ̀.

"Wáyà ni!" ni Fábíyìí kígbe. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú. "Mo so wáyà mọ́ orí àtòrì mi. Wáyà ló gún un lójú, kì í ṣe igi. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́!"

Aṣọ bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Àpèkẹ́. Mùíbì rọra yí orí padà, ó fi ojú tó kù wò ó.

"Fábíyìí?" ló wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àpèkẹ́ gbá a létí. Fábíyìí kò yẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ó bú sẹ́kún. "Kí ni ká ṣe?" ló bi ọmọ tó fọ́ ọmọ rẹ̀ lójú. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀ tó lè bi.

Fábíyìí mú igbá kékeré tí wọ́n fi ń bu omi mu, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó dà á dé ojú náà kí nǹkan kan má baà kàn án, ó sì fi gèlé Àpèkẹ́ so ó mọ́ orí. Ajíbádé, aládùúgbò wọn tó ti Àbíjàǹ wá sọdún, gbọ́ ariwo, ó yọjú. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò béèrè ìbéèrè méjì. Ó sáré lọ gbé ọkọ̀ Pijó rẹ̀ wá, ó ń pariwo, "Alé! Alé!" bí wọ́n ti máa ń fi èdè Faransé sọ pé kí èèyàn tètè máa lọ ní Àbíjàǹ.

Fábíyìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun sá.

"Wọlé," ni Àpèkẹ́ wí, láì wò ó. "Ìwọ náà lo máa sọ fún dókítà ohun tí o so mọ́ igi."

Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n gbà lọ sí Ìbàdàn. Ní ọsibítù, Fábíyìí sọ ọ̀rọ̀ wáyà náà lẹ́ẹ̀kejì fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta fún dókítà, ó sì rí i pé kò rọrùn sí i bí èèyàn ti ń sọ ọ́ tó. Wọ́n rán ojú Mùíbì lọ́jọ́ náà gan-an.

"A ti dá ojú náà sí," ni dókítà sọ fún Àpèkẹ́. "Ṣùgbọ́n wáyà yẹn ti kan awò tó wà lẹ́yìn ọmọ ojú, yóò sì di funfun. Yóò máa rí ìmọ́lẹ̀, yóò máa rí òjìji ọwọ́. N kò lè ṣèlérí ju ìyẹn lọ. Ká ní ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, Ìyá, yíyọ là bá yọ ọ́ dànù. Ó sì ṣeé ṣe kó ṣàkóbá fún èkejì. Ta ló sọ fún yín pé kí ẹ má tẹ̀ ẹ́?"

Àpèkẹ́ nawọ́ sí Fábíyìí. Òun náà ló nawọ́ sí nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó gún un.

Ifátóyè kò na ọmọ rẹ̀. Fábíyìí ì bá fẹ́ kó na òun. Bàbá rẹ̀ mú un lọ síwájú àwọn àgbà olórìṣà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀ pẹ̀lú irun funfun lórí, ó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn dun Fábíyìí ju ohunkóhun lọ. Àwọn àgbà ní kò gbọdọ̀ gbé àtòrì mọ́ láyé rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sí oko Àpèkẹ́ ní Ìsúndúnrìn, kó máa ṣe iṣẹ́ tí Mùíbì ì bá ṣe níbẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ní ilé ìwé, kò sẹ́ni tó pè é ní Ẹtù mọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ohunkóhun. Bàṣírátù alára, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, a máa dákẹ́ bó bá ti wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Mùíbì padà sílé. Ìdánwò ti sún mọ́lé, Fábíyìí sì da gbogbo iṣẹ́ kíláàsì tó ti kọjá kọ sínú ìwé tuntun kan, ó gbé e lọ fún un. Ó bá a lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùíbì ní láti yí gbogbo orí rẹ̀ padà kó tó rí ẹni tó gba apá òsì wọlé.

"Jókòó," ni Mùíbì wí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó nawọ́ mú ife omi tó wà lórí àpótí níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà. Ó tún nawọ́, ó tún ṣì í. Ojú méjì ni èèyàn fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ojú kan ò tíì kọ́ iṣẹ́ náà. Fábíyìí fi ife náà lé e lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Ṣé nítorí pé mò ń pè ọ́ ní Ẹtù ni?" ni Mùíbì béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ó ń dùn mọ́ ọ ni." Mùíbì mu omi díẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi pé ó ń dùn ọ́, Fábíyìí, n bá ti dákẹ́."

Gbogbo ọdún yẹn, ìdajì ìṣẹ́jú ni ì bá gba Fábíyìí láti sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí Àpèkẹ́ fi jáde láti inú ilé. Ó gbé abọ́ iṣu méjì dání, ó gbé ọ̀kan síwájú ọmọ rẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú èkejì lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo Fábíyìí.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ," ló wí. "Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo wo ojú ọmọ mi, inú a bí mi. Bí mo bá sì tún ronú pé ọwọ́ èmi fúnra mi ló kù díẹ̀ kó parí ojú náà, tó sì jẹ́ pé ìwọ lo dì í mú, n kì í mọ ohun tí mo lè sọ. N kò tíì dárí jì ọ́ tán. Ṣùgbọ́n o ti oko mi dé, ebi ń pa ọ́." Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Jẹun."

Fábíyìí jẹ ẹ́. Ó sì ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún Mùíbì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, bí ẹnìkan bá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tó ń dùn yín, ẹ sọ fún un pé ó ń dùn yín, kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú títí yóò fi di ohun ìjà. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ; ojú ọ̀rẹ́ ẹni ló ń bà. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe ná, ẹ tètè jẹ́wọ́, bí ojú bá tilẹ̀ máa tì yín, nígbà tó ṣì ku nǹkan tí a lè gbà là. Ìtìjú Fábíyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ Ẹ̀jìgbò lónìí, àwọn èèyàn ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Ojú òsì Mùíbì kò là mọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ń ríran, òun ló sì fi kọ ìdánwò rẹ̀ yọrí.